Gìgísẹ̀ Bàbá Oníkòkó

Gìgísẹ̀ Bàbá Oníkòkó ló kọ́ mi níṣẹ́ tí mò ń ṣe dòní. Kí n tó mọ bàbá náà, mo ti lo oṣù mẹ́ta níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìtọ́jú aláìsàn, mo ti gba ìwé ẹ̀rí, mo ti wọ yunifọ́ọ̀mù funfun ya fọ́tò, màmá mi sì ti fi fọ́tò náà han gbogbo Òkè-Àró bí ẹni pé dókítà lọmọ òun dà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn ni mo gbé ẹsẹ̀ bàbá sókè kí n lè wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, ni àyà mi bá já.

Ọdún 2014 ni. Ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà ní Àkúrẹ́ ni mo ti rí iṣẹ́. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Ilé kékeré ni, àgbàlagbà 11 péré, nọ́ọ̀sì méjì, àwa olùrànlọ́wọ́ márùn-ún. Bàbá tí mò ń sọ yìí ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ra kòkó, ó ti tà á, ní Ìdànrè àti agbègbè rẹ̀, kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó mú un lápá àti lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Ọ̀rọ̀ kò já geere lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí a sọ létí rẹ̀ tí kò yé e. Bí ẹnì kan bá fẹnu lásán dá iye tí wọ́n ń ra kòkó, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀, bàbá á mi orí, á fi ọwọ́ òsì tó ṣẹ́kù ṣe iye gidi fún un.

Awọ gìgísẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ dúdú ju ti ìkejì lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ní àwọ̀ àlùkò. Nígbà tí mo fi ọwọ́ kàn án, ó rọ̀ bí ìbẹ́pẹ tó ti pọ́n jù. Ohun tó dùn mí jù ni pé ọjọ́ kẹrin rèé tí èmi ni mò ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un. Láti ọjọ́ kejì ni mo ti rí dúdú yẹn. Mo rò pé bí awọ àgbà ṣe máa ń rí nìyẹn, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ bò ó, mo bá tèmi lọ.

Ní kíláàsì, pupa ni wọ́n kọ́ wa pé ká máa wò. Wọ́n ní bí ojú ibì kan lára aláìsàn bá pupa, tí o fi ìka tẹ̀ ẹ́ tí kò funfun, egbò ti ń bọ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ara òyìnbó ni wọ́n yà sínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa. Bàbá Oníkòkó dúdú bíi kóró iṣin. Ibo ni pupa yóò ti hàn lára ẹni tó dúdú bíi kóró iṣin?

Métírọ̀nù wa kò pariwo mọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ohun tí mò ń retí nìyẹn. Ó ká yẹ̀rì rẹ̀, ó jókòó tì mí sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó mú ọwọ́ mi, ó yí i padà. Ó ní, "Ẹ̀yìn ọwọ́ ni kí o fi kàn án. Kan èyí tó ń ṣe é. Ó dáa. Kan ìkejì. Kí lo gbọ́ lára?" Mo ní èyí tó ń ṣe é gbóná ju ìkejì lọ. Ó ní, "Ìyẹn ni pupa tiwa."

Ó ní kí n má dúró de pupa lára ọmọ adúláwọ̀ mọ́ láé. Kí n máa wo ibi tí àwọ̀ rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti àyíká, ìbáà dúdú sí i, ìbáà máa dán gbinrin. Kí n fi ọwọ́ gbọ́ bóyá ó gbóná tàbí ó tutù ju ibi tó kù lọ, bóyá ó le gbagidi tàbí ó rọ̀ jù. Kí n bi onítọ̀hún bóyá ó ń dùn ún. Kí n sì máa fi ẹsẹ̀ kan wé ìkejì, kí n fi ìbàdí kan wé ìkejì, torí kò sí ẹlòmíì tí mo lè fi wé e.

Ohun tó ń fa egbò yìí kò ṣòro láti yéni. Bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀ sójú kan, egungun á tẹ ẹran àti awọ mọ́ fóòmù, ẹ̀jẹ̀ ò ní rí ọ̀nà gbà débẹ̀, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Àwa tí ara wa le, a máa ń yí padà lójú oorun láìmọ̀. Ẹni tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ti kú kò lè yí, ó tiẹ̀ lè má mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan ń dun òun. Ìdí nìyẹn tí a fi ń yí wọn padà ní wákàtí méjì-méjì, tọ̀sán tòru. Ẹni tó bá wà lórí àga, kò yẹ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, torí ìdí rẹ̀ ló ń ru gbogbo ara. Ibi tí egungun bá ti sún mọ́ awọ ni ká máa ṣọ́: ìpàkọ́, etí, pálábà, ìgúnpá, ìbàdí, egungun òkè ìdí, orúnkún, kókósẹ̀, gìgísẹ̀. Tí a bá fẹ́ fà wọ́n sókè lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹni méjì ni yóò gbé e pẹ̀lú aṣọ tó wà lábẹ́ rẹ̀. A kì í wọ́ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ kó wọ́ ìgúnpá ara rẹ̀ lórí ẹní kó wò ó.

Ti gìgísẹ̀, ìrọ̀rí la fi sábẹ́ ojúgun, láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, kí gìgísẹ̀ fúnra rẹ̀ má kan nǹkan kan. Kó wà lófuurufú. Bébà gbọ́dọ̀ lè kọjá lábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ará ilé bàbá gbọ́, olúkúlùkù ló gbé ìwòsàn tirẹ̀ dé. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń gbé ní Ìjàpọ̀ fi aṣọ hun òṣùká kan, ńlá, tó fẹ̀ dáadáa, ó ní kí a fi sábẹ́ ìdí bàbá kí tibẹ̀ náà má baà bẹ̀rẹ̀. Ìfẹ́ ló fi hun ún, ó sì mọ̀ ọ́n hun. Ṣùgbọ́n òṣùká dára fún orí tó ru ẹrù, kò dára fún ìdí tí kò lè dìde. Etí rẹ̀ yíká yóò tẹ ẹran mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ní lè wọ àárín tó dá sí náà. Ìyàwó bàbá ní tirẹ̀ mú òrí wá, ó ní kí a fi wọ́ gìgísẹ̀ náà gidigidi kí ẹ̀jẹ̀ lè ṣàn. Ta ni yóò bá a jiyàn nílẹ̀ Yorùbá? Ibi tó bá ń dunni la máa ń wọ́. Métírọ̀nù ló fi sùúrù ṣàlàyé fún un pé ẹran abẹ́ awọ yẹn ti ń fà ya, wíwọ́ á tún dá kún un ni. Wọ́n wá jọ fẹnu kò pé kí màmá máa fi òrí náà pa apá àti ojúgun ọkọ rẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, pàápàá torí pé ọyẹ́ ti ń fẹ́, awọ bàbá sì ti ń funfun bí ẹfun. Inú màmá dùn. Ojoojúmọ́ aago mẹ́rin ló ń dé pẹ̀lú igbá òrí rẹ̀.

Ó gba oṣù mẹ́ta ó lé kí gìgísẹ̀ yẹn tó jiná. Gbogbo àkókò náà, mi ò lè wo ojú bàbá tààrà.

Láti ìgbà náà ni mo ti ní àṣà kan. Ní àárọ̀, mo máa ń kúnlẹ̀ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn àlejò á ní ẹ wo ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́. Mo lẹ́kọ̀ọ́ lóòótọ́, màmá mi ò ní gbà kí n má ní in, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kúnlẹ̀, ojú rẹ̀ ti bá gìgísẹ̀ dọ́gba. Kí wọ́n tó dáhùn "ẹ káàárọ̀ mà, ṣé ẹ sùn dáadáa?" tán, mo ti wo gìgísẹ̀ méjèèjì, mo ti wo àárín ọmọ ìka, mo ti wò bóyá ẹsẹ̀ wú ju tàná lọ. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ, mo máa ń pẹ́ síbẹ̀ sí i, torí ẹsẹ̀ wọn lè má gbọ́ ìrora mọ́. Omi gbígbóná lè bó o, kó má mọ̀. Ìgúnpá ni mo fi ń tọ́ omi ìwẹ̀ wọn wò, mo máa ń nu àárín ọmọ ìka gbẹ, mi ò sì fi abẹ tàbí sísọ́ọ̀sì kan èékánná wọn. Nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ló ni ìyẹn.

Àwọn nǹkan kan wà tí mo kọ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo tí mi ò gbàgbé mọ́. Ẹ̀wù: apá tó ń ṣàìsàn ni kó kọ́kọ́ wọlé, apá tó ń ṣàìsàn ni kó kẹ́yìn jáde. Àga oníkẹ̀kẹ́: ẹ̀gbẹ́ tó lágbára ni kí o gbé e sí, kí o sì ti táyà rẹ̀ pa kí ẹnikẹ́ni tó dìde. Ẹni tó bá ń ṣubú lọ: má fa apá rẹ̀, fi ara rẹ gbà á kó máa yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣọ́ orí rẹ̀, má sì gbé e dìde títí nọ́ọ̀sì yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Àpò ìtọ̀ ẹni tí wọ́n ki rọ́bà sí: kò gbọdọ̀ ga ju àpòòtọ̀ rẹ̀ lọ, kò gbọdọ̀ fara kan ilẹ̀. Tí o bá ń nu ìdí obìnrin: láti iwájú lọ sẹ́yìn, láé àti láéláé. Ọwọ́ fífọ̀: kí o tó kan ẹnì kan àti lẹ́yìn tí o bá kàn án, kódà tí o bá wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Mo mọ àwọn tó ń fi ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo yí ká ilé bí ẹni ń pín ìwé ìpè ìgbéyàwó.

Oúnjẹ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí dáadáa, torí níbẹ̀ ni ìjà ti máa ń ṣẹlẹ̀.

Àwọn àgbà ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ. Lọ́dọ̀ tiwa ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, àwàdà kọ́ lọ̀rọ̀ yìí. O lè gbé adìyẹ odindi fún àgbàlagbà, tí kò bá ríyán, á ní òun ò tíì jẹun. Ní ọjọ́ Sunday kan, ọmọ Bàbá Oníkòkó tó ń gbé ní Èkó gbé iyán dé nínú kúlà, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti ẹran ìgbẹ́. Nọ́ọ̀sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé oúnjẹ rírọ̀ tó kúnná nìkan ni kí bàbá máa jẹ, torí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ látìgbà tí àìsàn náà ti mú un. Mo wà ní yàrá kejì, mò ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Mo gbọ́ ikọ́ kan. Mo gbọ́ ìkejì. Lẹ́yìn náà ni bàbá fẹ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ wá ń ró bí ẹni tí omi wà lọ́fun rẹ̀. Ohùn yẹn ni mo sá lé.

Bàbá fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, ó sùn díẹ̀, ó jókòó díẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ń gé òkèlè sí i lẹ́nu, omijé ayọ̀ lójú rẹ̀ torí bàbá ń jẹun. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, mo gbé bàbá jókòó ṣánṣán, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo ní kí wọ́n yanu. Inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, òkèlè iyán mẹ́ta ló wà níbẹ̀ ní fọọrọ. Kò mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn ti kú pẹ̀lú apá. Ká ní ó sùn lọ báyẹn ni, ibi tí òkèlè náà ìbá gbà ni ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró.

Mo ṣàlàyé fún àǹtí náà bí a ṣe ń ṣe é. Kí wọ́n jókòó ṣánṣán, kí àgbọ̀n wọn tẹ̀ síwájú díẹ̀. Kí ẹni tó ń fún wọn lóúnjẹ jókòó pẹ̀lú, kí ojú rẹ̀ má ga ju tiwọn lọ. Ṣíbí kékeré, kò gbọdọ̀ kún, ẹ̀gbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ni kí o fi sí. Wo ọ̀fun kó gbé e mì kí o tó bu òmíràn. Tí wọ́n bá jẹ tán, wo ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí wọ́n sì wà ní ìjókòó fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí o má tíì tẹ́ wọn. Àǹtí ní, "Ṣé bàbá mi ò ní jẹyán mọ́ láyé ni?" Mi ò ní èsì. Nọ́ọ̀sì ní dókítà ló máa dáhùn ìyẹn. Àṣáró tí a tẹ̀ kúnná la fi ń tu bàbá nínú láti ọjọ́ náà, ó sì máa ń wò ó bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Àgbà mìíràn tó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ ni Màmá Aláṣọ. Aṣọ òfì àti àńkárá ni wọ́n tà ní Ọjà Ọba, èyí tí àwọn ará Àkúrẹ́ ń pè ní Erékẹ̀sán, títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣarán. Nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, bí òòrùn bá ti ń wọ̀, màmá á wé gèlè, á mú báàgì, á forí lé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ń lọ ti ṣọ́ọ̀bù. Lójoojúmọ́.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo bá wọn jiyàn. Mo ní, "Màmá, ẹ ò ní ṣọ́ọ̀bù mọ́, wọ́n ti tà á." Màmá dúró, wọ́n wò mí, wọ́n bú sẹ́kún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ. Lójú tiwọn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ ni. Ní ọjọ́ kejì mo tún sọ ọ́, wọ́n gbá mi létí. Mo lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Mo tún ikú ṣọ́ọ̀bù wọn sọ fún wọn lójoojúmọ́, mo ní òtítọ́ ni mò ń sọ.

Ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́, tó ti dàgbà jù mí lọ, ló fi ọ̀nà hàn mí. Ó lọ bá màmá lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Màmá, kí ẹ tó lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo àwọn aṣọ yìí, mi ò mọ̀ ọ́n ká." Ìró mẹ́wàá ló kó sílẹ̀, aṣọ ilé lásán. Màmá sọ báàgì sílẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n ká a, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ etí aṣọ kọ̀ọ̀kan kó dọ́gba, wọ́n ń sọ èyí tó jẹ́ ojúlówó àti èyí tí yóò ṣí lẹ́ẹ̀kan tó bá wọ omi. Nígbà tí wọ́n fi máa ká ìkẹwàá, ilẹ̀ ti ṣú, ọjà ti tú, kò sí ìdí láti lọ mọ́. Èèyàn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní irọ́ ni mò ń pa fún arúgbó. Mo ní kó wá dúró tì wọ́n ní aago mẹ́fà kó wá sọ òótọ́ fún wọn. Ohun mìíràn tí a tún ṣe ni pé a máa ń tan iná kí ilẹ̀ tó ṣú, torí òjìji máa ń dá kún ìdààmú wọn. Tí wọ́n bá mú iná lọ, àtùpà alágbára oòrùn ti gbọ́dọ̀ wà nítòsí, kì í ṣe pé ká máa wá a kiri nínú òkùnkùn.

Màmá Aláṣọ yìí ló jẹ́ kí n mọ bí àìsàn ṣe ń dé bá àgbàlagbà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, aago mẹ́fà lù, màmá ò wé gèlè. Wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Inú gbogbo wa dùn, a ní òní a sinmi. Aago méje, wọ́n ò béèrè ṣọ́ọ̀bù. Nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í há mi lọ́kàn. Mo wọn ìgbóná ara wọn: 36.9. Ìwé ní láti nǹkan bí 36.1 dé 37.2 dára. Ọkàn wọn ń lù ní 96 ní ìṣẹ́jú kan, 60 sí 100 sì ni wọ́n kọ́ wa pé ó yẹ kó wà. Kò sí ohun tó burú lórí bébà. Ṣùgbọ́n mo ṣí ìwé sẹ́yìn, mo rí i pé 74 sí 80 ni tiwọn máa ń jẹ́. Ẹ̀kọ alẹ́ wọn, ìdá mẹ́rin kan ni wọ́n jẹ. Wọ́n pè mí ní orúkọ àbúrò wọn tó ti kú, wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Pámpáàsì tí mo pààrọ̀ fún wọn, ìtọ̀ inú rẹ̀ pọ́n, ó sì ń rùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo pe nọ́ọ̀sì. Ó kọ́kọ́ wò mí bíi pé kí ni mo wá ṣe, màmá jókòó jẹ́ẹ́, ara wọn ò gbóná. Mo ka ìwé sí i létí. Wọ́n gba ìtọ̀ wọn fún àyẹ̀wò lọ́jọ́ kejì, kòkòrò ti wọ ọ̀nà ìtọ̀ wọn. Dókítà ní ara àgbàlagbà lè má gbóná nígbà tí kòkòrò bá wọ̀ ọ́. Ìdààmú òjijì, àìjẹun, oorun àsùnjù tàbí ìṣubú lè jẹ́ àmì àkọ́kọ́. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn oògùn, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, màmá wé gèlè, wọ́n ní kí n kúrò lọ́nà, ṣọ́ọ̀bù ti ń dúró de àwọn. Mi ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun tó gbà mí lọ́jọ́ yẹn ni ìwé. Tẹ́lẹ̀, ohun tí gbogbo wa máa ń kọ ni "Màmá jẹun dáadáa. Màmá sùn dáadáa." Dáadáa wo? Ká ní dáadáa ló wà nínú ìwé ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, mi ò bá tí rí 74 yẹn. Látìgbà náà mo ń kọ "ìdajì àwo ẹ̀kọ, àkàrà méjì, omi ife kan, aago mẹ́jọ", mo ń kọ àwọ̀ ìtọ̀, mo ń kọ ẹ̀gbẹ́ tí mo yí wọn sí àti aago tí mo yí wọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ìwé mi gùn bí ìwé àdéhùn ilẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́. Bí èèyàn bá ti wọ aṣọ funfun lọ́dọ̀ wa, nọ́ọ̀sì ni. Ní àdúgbò, wọ́n á kan ilẹ̀kùn rẹ lóru, kí o wá gún ọmọ wọn lábẹ́rẹ́ ibà. Níbi iṣẹ́, àwọn nọ́ọ̀sì wa méjèèjì ò sí lọ́jọ́ kan, ẹni tó ni ilé wá sọ fún wa pé kí ọ̀kan nínú wa fún bàbá kan tó ní àtọ̀gbẹ lábẹ́rẹ́ ínsúlínì, tó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, "ṣebí ẹ ti rí i bí wọ́n ṣe ń ṣe é." Mo ní mi ò ṣe. Kì í ṣe pé mo nígboyà. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ẹlòmíì ṣe é. Ó fún bàbá lábẹ́rẹ́ láìbéèrè bóyá wọ́n ti jẹun, wọn ò sì tíì jẹun. Nígbà tó yá, òógùn bo bàbá, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, kò mọ ibi tó wà. Ọlọ́run ló yọ wá pé ẹnì kan sáré po ṣúgà sómi nígbà tí wọ́n ṣì lè gbé nǹkan mì, a gbé wọn dé ilé ìwòsàn, wọ́n yè é. Kò sí ẹni tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ẹbí bàbá. Oṣù yẹn ni mo fi ibẹ̀ sílẹ̀. Àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà ló ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀. Orúkọ tèmi kò sí níbẹ̀, mo sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá gbà mí síṣẹ́, lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí owó tó wọ̀ ọ́.

Ní báyìí, inú ilé èèyàn ni mo ti ń ṣe é, ní ìlú Oǹdó. Ọjọ́ Monday ni mo ń wọ ọkọ̀ kúrò ní Àkúrẹ́, tí mo ń gba Bọ́lọ́rundúró kọjá, ọjọ́ Friday ni mo ń padà. Ìyá àgbà kan ni mò ń tọ́jú, wọn ò lè dìde mọ́. Oǹdó wọn jinlẹ̀ débi pé oṣù méjì ni èmi ọmọ Àkúrẹ́ fi ń béèrè pé kí ni wọ́n wí. Àwọn ọmọ wọn ò fẹ́ gbé wọn lọ sílé àgbàlagbà, wọ́n ní aráyé á sọ pé àwọn lọ da ìyá àwọn nù. Mo mọ ohun tí aráyé máa ń sọ. Mo tún mọ pé ìyàwó ilé náà, tí aráyé ń yìn, kò tíì sun oorun wákàtí mẹ́fà papọ̀ láti ọdún tó kọjá, ẹ̀yìn sì ń dùn ún torí ó máa ń tẹ̀ ba láti gbé ìyá. Òun ni mo kọ́kọ́ kọ́ kó tó kan ẹnikẹ́ni: kó tẹ orúnkún, kó má tẹ ẹ̀yìn, kó sún mọ́ ìyá kó tó gbé e, kó gbé bẹ́ẹ̀dì sórí búlọ́ọ̀kù nígbà tó bá ń wẹ̀ wọ́n. Ọkọ rẹ̀ ní kò sẹ́ni tó kọ́ ìyá òun àgbà ní gbogbo ìyẹn tó fi tọ́jú ìyá tirẹ̀. Mo ní ẹ bi ẹ̀yìn ìyá yín àgbà.

Mo lẹ bébà kan mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé: aago 6 ẹ̀yìn, aago 8 òsì, aago 10 ọ̀tún, aago 12 ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ọmọ ilé náà ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá bébà náà. Lálẹ́ ọjọ́ Thursday tó kọjá, mo jókòó sí kíṣìnnì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gé òkèlè iyán àkọ́kọ́, ọbẹ̀ ń gbóná, ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó yọjú.

"Àǹtí, aago mẹ́wàá ti lù. Ó kan ọ̀tún."

Mo ní, "Jẹ́ kí n jẹ òkèlè kan yìí."

Ó wo aago, ó wò mí. Ó ní, "Òkèlè kan o."